Ọkọ Mi Ti Ṣẹ̀wọ̀n Rẹ̀ Tán

Ilé tó kángun sí ibùdó omi-ẹ̀rọ,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ètò Ìdìbò,
Ọ́fíìsì Àgbègbè.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ KÍ Ẹ FI ORÚKỌ ỌKỌ MI SÍNÚ ÌWÉ OLÙDÌBÒ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé èmi ni mo kọ ìwé yìí dípò ọkọ mi. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣàròyé mọ́.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi. Nígbà tí kò tíì mọ̀ mí, ó jí bátìrì ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n, ó ṣe é pé, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ló ti kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó gbà láti fẹ́ ẹ, àwọn òbí mi náà sì mọ̀.

Nígbà ìdìbò tó kọjá, kò forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á lé òun. Abẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé ló dúró sí, ó gbé ọmọ wa mọ́ra títí mo fi dìbò tán. Lọ́dún yìí, mo ka òfin tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì yín. Ó sọ pé ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Èmi ni mo wá tì í pé kó lọ. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ṣègbéyàwó, a sì jọ lọ tò.

Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Iwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilé òun wà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ lòun sì ń rí i tó ń gba géètì wọlé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó ṣì ń wọ ẹ̀wọ̀n kò tíì ṣe é tán. Ohùn rẹ̀ ròkè. Ẹnì kan lórí ìlà pariwo pé ẹ̀wọ̀n Ọjọ́bọ̀ ni tirẹ̀, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kàn gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní ká máa lọ. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lẹ́yìn wa náà yọ́ kúrò lórí ìlà. Mo mọ̀ wọ́n. Inú ọgbà kan náà làwọn náà ti jáde.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé, Ọ̀gá: irun ló ń lọ gẹ̀ fáwọn ẹlẹ́wọ̀n. Kílípà àti abẹ ló wà nínú báàgì yẹn. Ẹnikẹ́ni kò rán an, kò sì gbowó. Ó ní nígbà tóun wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá gẹrun fóun nìkan lòun máa ń rántí pé èèyàn lòun. Ká ní akọ̀wé yín sọdá títì, kó bi àwọn wọ́dà ni, wọn ì bá sọ fún un.

Láti ọjọ́ náà, báàgì yẹn ò kúrò lórí ìṣó. Ọ̀gá wọ́dà wá sílé wa, ó ní orí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti di igbó. Ọkọ mi ní kí wọ́n kúkú máa dirun. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Wọn kì í bi í bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n tán. Bó bá ti yọ, àga ni wọ́n ń fà fún un. Ó sì ti ń jókòó tì wọ́n báyìí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ètò ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Kí akọ̀wé yín sọ ọ́ níwájú èrò, bó ṣe sọ tàkọ́kọ́, pé àṣìṣe ni, kí àwọn méjì yẹn lè gbọ́, kí wọ́n sì padà wá. Ọ̀gá wọ́dà ní ẹ lè pe òun nígbàkígbà.

Bí mo bá ti dìbò tèmi tán lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fẹ́ gbé ọmọ dúró lábẹ́ igi. Ó ti wúwo ju tìgbà yẹn lọ, ṣùgbọ́n màá gbé e títí bàbá rẹ̀ yóò fi dìbò tán.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tí ń retí èsì,

Ìyàwó Onígbàjámọ̀,
Aránṣọ àti olùdìbò.