Sípíkà Tí Mo Rà Láti Fi Dá Bàámi Dúró Sílé

Màámi, ẹni tí mò ń pè tí kì í dáhùn mọ́,

Mo kí yín o. Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ ní Bajulaiye níbí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́, òórùn yíǹkì ń bá wa wọlé látojú fèrèsé, onílé ò tíì kun ilé. Ara èmi àti Bàámi le. Inú mi ni kò dùn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín, torí kò sẹ́lòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé mo ti dàgbà kọjá irú ìwà yìí.

Mò ń jowú, Màámi. Mo ti sọ ọ́. Ẹ máa ń sọ fún mi pé òjòwú ò lẹ́ran láyà, pé ìdí nìyẹn tí mo fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí ẹ bá rí mi nísinsìnyí, ẹ ó ní àyà gan-an ò sí mọ́.

Ìyá Ṣadé ni. Ẹ rántí rẹ̀, obìnrin tó ń bá Bàámi to ìwé, tó ń ká a, tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn tí iṣẹ́ jọ́tà tí wọ́n ń pín lóde àríyá bá ti pọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bàrígà ló ń gbé, nítòsí Ìlàjẹ níbi tí ẹ ti máa ń ra ẹja yíyan. Ẹ má bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó". Mo mọ̀ pé ẹ kọ́ mi. Ẹnu mi ni kò gbà láti pè é ní "wọ́n".

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n jẹun tán, wọ́n á wọ bùbá, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di Bàrígà. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá lọ. Wọ́n ní ilé ti dákẹ́ jù. Wọ́n ní Ìyá Ṣadé ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan tó ti pẹ́, àwọn kàn ń lọ gbọ́ jùjú àtijọ́ níbẹ̀ ni.

Rédíò. Ẹ gbọ́ nǹkan. Bàámi tí etí ọ̀tún wọn ti kú sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó sápá òsì wọn tí ẹ ó máa tún ọ̀rọ̀ àlejò sọ fún wọn, tí ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan orúnkún wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀, àwọn ló ń wọkọ̀ lọ gbọ́ rédíò nílé opó.

Mo jókòó, mo rò ó. Mo ní tó bá jẹ́ rédíò ni, ìyẹn ò le. Màá ra èyí tó ju ti obìnrin yẹn lọ, tó máa rẹwà débi tí Bàámi ò ní lè fi í sílẹ̀ kí wọ́n jáde. Sípíkà búlútúùtù ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tí kò lo wáyà, tí èèyàn ń ti orí fóònù rán orin sí, tó ń lo bátìrì tí wọ́n bá múná lọ. Ẹ ò kúkú tíì gbàgbé iná àdúgbò wa.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣómólú. Ọkùnrin tó ni ín sanra, ẹnu rẹ̀ dùn, àǹtí lọ́tùn-ún, àǹtí lósì ló ń pè mí. Ó tò wọ́n síwájú mi. Ọ̀kan rí roboto bí ìkòkò, ó ní okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́. Ọ̀kan gùn bí tọ́ọ̀ṣì, iná pupa àti iná búlúù ń tàn yí i ká. Mo ní ilé àgbàlagbà ni mò ń gbé e lọ o, kì í ṣe ilé ijó. Ìkẹta ni ojú mi ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé. Aṣọ aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi bò ó, igi tí wọ́n fá kó dán ni wọ́n fi ṣe ibi tí a ti ń gbé e, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀. Ọkùnrin náà ń tẹ orin tí báàsì rẹ̀ ń mi gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ó rò pé ìyẹn ló máa wù mí. Ó ní kí n ra méjì, kí n gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún, kí n gbé ọ̀kan sósì, orin á pín ara rẹ̀ sí méjì. Mo ní ẹni tí mò ń rà á fún, etí kan ló fi ń gbọ́ràn, ìdajì orin á kàn máa ṣòfò ni.

Mi ò jẹ́ kó tẹ orin tiẹ̀ mọ́. Fóònù tèmi ni mo so mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn yín ni mo sì fi dán wọn wò. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun. Ẹ ní kí n ya Ìlàjẹ, kí n ra ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, kí n má gba ti àná lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní tí mo bá ṣáájú yín délé, kí n sọ fún Bàámi pé oúnjẹ wọn wà nínú kúlà, àmọ́ apá òsì ni kí n ti sọ ọ́, torí tí mo bá lọ dúró lápá ọ̀tún, wọ́n á kàn máa mi orí bí alángbá, ebi á sì pa wọ́n sùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wúkọ́, ó tán síbẹ̀. Nínú èyí tó rí roboto, ẹ dún bí ẹni tó wà nínú àgbá. Nínú èyí tó gùn, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Nínú èyí tó ní ọwọ́ igi, Màámi, ńṣe ló dà bíi pé ẹ dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo yíjú wò. Ọlọ́jà náà fúnra rẹ̀ ló pa á, ó wá bu omi fún mi mu. Ẹ má bi mí ní iye tí mo rà á.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ fọ́tò yín, ni mo gbé e sí, ó sì bá a mu gan-an. Bàámi yí i po, wọ́n fọwọ́ pa aṣọ ara rẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti mọ̀ bóyá mọ́tò rẹ̀ ń lọ dáadáa. Wọ́n súre fún mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, wọn ò jáde. Wọ́n jókòó sórí àga gígùn, wọ́n yí ọrùn sí kọ́bọ́ọ̀dù bí adìyẹ tó ń wo òkè, wọ́n ń gbọ́ jùjú títí oorun fi gbé wọn lọ. Mò ń kọrin ní kíṣìnì. Mo ní Ìyá Ṣadé, ó tán.

Kò tán o. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo dé láti ibi tí mo ti lọ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, mo bá bàtà obìnrin lẹ́nu ọ̀nà. Bàámi ló ké sí i. Wọ́n ní nǹkan tó dáa báyìí, èèyàn kì í dá a gbọ́. Ẹ wò ó, nǹkan tí mo rà láti fi dá wọn dúró sílé ni wọ́n fi pe obìnrin náà wọlé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Ẹ sì mọ ohun tó dùn mí jù? Ibi tó jókòó sí. Apá òsì Bàámi, àyè yín. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kan ibẹ̀. Mo gbé tìmùtìmù yín lé e, àlejò tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, màá darí rẹ̀ sórí àga kejì tí irin ti yọ jáde nínú rẹ̀. Ìyá Ṣadé ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó gbé tìmùtìmù lé itan, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sétí ọkọ yín, Bàámi sì ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo máa ń lọgun láti kíṣìnì kí wọ́n tó gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Mo kí i o. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un, mo wá wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Ta ló sọ fún un pé apá òsì ni? Nígbà tí àìsàn yín le, òun náà máa ń wá kí yín, ẹ̀yin méjèèjì á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo rò pé àdúrà lẹ ń gbà. Kí lẹ ń bá a sọ, Màámi? Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ni?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní Sọ́ńdè-Sọ́ńdè. Láìpẹ́ Bàámi pè mí jókòó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi í ṣaya, kó wá máa bá wa gbé, àmọ́ ilé ìyá mi nilé yìí, tí mo bá kọ̀, àwọn náà kọ̀. Wọ́n ní kí n lọ rò ó dáadáa. Mo ní ọbẹ̀ mi wà lórí iná.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, kò síná, sípíkà ń lo bátìrì rẹ̀, orin ń bọ̀ láti inú fóònù Bàámi. Èmi wà ní yàrá, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, ara mi ń gbóná. Tí ara mi bá gbóná bẹ́ẹ̀, ohùn yín ni mo máa ń tẹ̀ kí n fi tu ara mi nínú. Orin dákẹ́ ní pálọ̀, fóònù Bàámi ti kú. Mi ò mọ̀ pé sípíkà yẹn ò tíì gbàgbé fóònù mi láti ọjọ́ tí mo ti so ó mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù. Bí tiwọn ṣe já, tèmi ló wá mú. Mo tẹ ohùn yín, fóònù ò fọhùn lọ́wọ́ mi. Pálọ̀ ni mo ti gbọ́ yín, tí ẹ ń béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo lè pa á, ìka mi ti wà lórí rẹ̀. Mi ò pa á. Mo ní kó máa lọ, kí obìnrin yẹn gbọ́, kó mọ ẹni tó nilé.

Mo yọjú wò wọ́n. Bàámi ti gbórí sókè, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín ọjà. Wọ́n mọ̀ pé ohùn yín ni, àmọ́ wọn ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Apá ọ̀tún wọn ni kọ́bọ́ọ̀dù wà. Èmi tí mo fi etí kan fọ́nnu lójú ọlọ́jà, etí tó ti kú ni mo lọ gbé sípíkà sí, torí pé ó bá fọ́tò mu. Wọ́n ń yí ọrùn po láti ìgbà náà, mò ń pè é ní ìgbádùn. Wọn ò sì fẹ́ sọ ọ́ kó má baà dùn mí.

Ìyá Ṣadé dìde. Mo rò pé ó fẹ́ máa lọ ni, inú mi ti ń dùn. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé sípíkà. Ó dá tìmùtìmù yín padà sí àyè rẹ̀ lórí àga, ó gbé sípíkà lé e lórí, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti dìde, ó sì dojú rẹ̀ kọ etí òsì Bàámi. Ó wá lọ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ẹ ti dé ibi alángbá nígbà náà. Bàámi gbọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màámi, ẹ̀rín wọn tó máa ń mi wọ́n léjìká, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé sípíkà títí ẹ fi wúkọ́. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Ṣadé ò jókòó sí àyè yín mọ́. Ó ń wá, orí àpótí ló ń jókòó sí, sípíkà ló wà lórí tìmùtìmù. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Ohun tí mo fẹ́ náà kọ́ nìyẹn? Àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, Bàámi ń mi orí. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síbi tí kò sí ẹ̀rín, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ó dùn mí ju owú mi lọ. Rárá, kò jù ú lọ. Wọ́n dọ́gba ni.

Àná ni mo ṣe é. Mo jáde láti yàrá, mo gbé sípíkà kúrò lórí àga, mo gbé e sórí tábìlì kékeré lẹ́yìn èjìká òsì Bàámi. Kò rẹwà níbẹ̀ rárá. Mo gbọn tìmùtìmù. Mo ní Ìyá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ wọn, mà, wọn ò gbọ́ yín níbẹ̀ yẹn. Ìyá Ṣadé wò mí títí kí wọ́n tó dìde. Bàámi náà ń wò mí, wọ́n mọ̀ pé èsì tí àwọn ń retí nìyẹn. Mi ò dúró. Mo wọ kíṣìnì lọ, mò ń rẹ́ àlùbọ́sà. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín lọ́hùn-ún pé kí ló pọ́n mi lójú, ẹ ní àlùbọ́sà ni.

Mo ṣì ń jowú o, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ti já fóònù mi kúrò lára sípíkà yẹn. Tí Bàámi bá fẹ́ gbọ́ yín, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wá, màá gbé e sí etí òsì wọn, èmi àti àwọn nìkan. Àyè yín ni mo fún Ìyá Ṣadé. Ohùn yín ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ sùn re, Màámi. Èmi ni, ọmọ yín pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kò lẹ́ran láyà, tí ìfẹ́ yín sì kún inú rẹ̀.