Ìró Máṣíìnì Bàbá

Ọjọ́bọ̀, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Mẹkáníìkì Ọjà Igbó yọ fílítà àtijọ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò lára máṣíìnì Bàbá lónìí, ó fi tuntun kan tí kì í ṣe ojúlówó rọ́pò rẹ̀, ó sì tún kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ṣe. Máṣíìnì náà kò kú lójú ọ̀nà mọ́, àmọ́ ìró rẹ̀ ti yí padà.

Bàbá ò ríran mọ́. Ìró máṣíìnì yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo dé. Lónìí tí mo gùn ún dé, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O ti ta máṣíìnì mi, àbí?"

Mo gbé ọwọ́ wọn lé táńkì. Wọ́n fọwọ́ pa á títí. "Ara rẹ̀ nìyí. Ohùn rẹ̀ kọ́."

Mo pe mẹkáníìkì pé kó dá fílítà àtijọ́ padà. Ó ní, "Fílítà yẹn ti bá pàǹtí lọ, ẹ̀gbọ́n."

Ta ni mo tún un ṣe fún gan-an? Mo tún tan án, bóyá etí Bàbá á gbà á. Wọ́n ní kí n pa á.