Àwọn Agbálẹ̀ Inú Ògiri

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Onítéèpù,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó wa ńkọ́? Orúnkún rẹ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú, ṣé ó ti ń gbọ́ràn báyìí? Àwọn ọmọ ọmọ tí wọ́n sọ ọ́ di ẹṣin ńkọ́? Má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti sọ síléètì nù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè fi í rán ọmọ, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù kí ará ilé má gbọ́.

Ìwọ nìkan lo kù tó mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. O mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ru búlọ́ọ̀kù, títí àárín orí mi fi pá. O mọ̀ pé yàrá sìmẹ́ǹtì ni mo sùn fún ọdún méjì, tí mo bá wúkọ́, eruku ló ń jáde. Ọ̀gá wa fi èèkù òòlù kàn mí lágbárí. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo já bọ́ láti orí pákó ní àjà kẹta, wọ́n ní mi ò ní rìn mọ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo tún wà lókè pákó yẹn, mo ń bá onílé ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ tí kò rí bàtà wọ̀ wá di ọ̀gá bíríkìlà mọ́kànlélógún! Mo kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, mo kọ́ ilé ìwòsàn, kò sí èyí tó ya. Lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mò ń gbé yìí. Bí mo bá ń wọlé, mo máa ń lu ògiri rẹ̀ pẹ́pẹ́ bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ọmọ tó mọ̀wé. Ẹni tó bá ṣe é ló ń fi yangàn.

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wọn rò pé màá jókòó máa lé eṣinṣin. Èmi kẹ̀? Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé àpótí gíláàsì kan sílẹ̀ fún mi. Ewéko ló gbìn sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ń wo ènìyàn bí agbowó-orí ló sì ń gbé ibẹ̀. Kò pẹ́ tí àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn: ìgbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́, ewé jíjẹrà, gbogbo rẹ̀ ti bu. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta ẹja inú gíláàsì, ó bu nǹkan bí ogún kòkòrò sínú ike fún mi. Àwọn tí à ń bá lábẹ́ òkúta àti igi jíjẹrà ni, tí wọ́n wọ ìhámọ́ra sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń ká bí ìlẹ̀kẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà dà wọ́n sínú rẹ̀, kí ẹ gbàgbé wọn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé, òórùn ti tán. Wọ́n ti sọ gbogbo ìdọ̀tí di erùpẹ̀ dúdú. Agbálẹ̀ ni mo sọ wọ́n.

O mọ̀ mí, mi ò ní dáwọ́ lé nǹkan kí n má jọ̀gá níbẹ̀. Ike mẹ́rìnlélógún ni mo tò sí yàrá ẹ̀yìn. Ewé gbígbẹ, igi jíjẹrà, èèpo ẹyin tí mo lọ̀ kí ẹ̀yìn wọn lè le. Mo máa ń wọ́n omi sí apá kan ike, kí apá kejì gbẹ, kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n. Abo wọn máa ń gbé ọmọ sínú àpò níkùn, títí wọn yóò fi jáde ní funfun bí ìyẹ̀fun. Bí wọ́n bá fẹ́ bọ́ èèpo, ìdajì ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ bọ́, bí ẹni tó bọ́ ṣòkòtò lónìí tó di ọ̀tunla kó tó bọ́ ẹ̀wù. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣà wọ́n, títí mo fi ní ìran kan tó pọ́n bí ọsàn. Àwọn tó ń sin ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọńlé ń wá rà wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Ẹlẹ́ja tó fún mi ní ogún yẹn ti ń rà lọ́wọ́ mi báyìí, ó sì ń pè mí ní Ọ̀gá. Mo ní kó tún un pè.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa wọn. Ẹbí akàn ni wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ń mí jọ èyí tí ẹja fi ń mí, kò gbọdọ̀ gbẹ. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọjọ́ méjì ni wọ́n ń lò, wọ́n á kú.

Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀pá ìtilẹ̀ mi kọ́ ike àwọn pupa, ó já bọ́, ó là. Wọ́n tó igba. A kó èyí tí a rí kó, ìyókù sá sábẹ́ ògiri. Ìyàwó mi fi igbe ta, nítorí yàrá yẹn ló ń sùn sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ilé tí èmi kọ́ gbẹ bí eegun, kò ní di ọ̀tunla kí wọ́n tó kú tán. Mo tún fi ṣe fáàrí fún àwọn oníbàárà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyàwó mi ká ẹní rẹ̀, ó bá mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n sanra. Mo ní àwọn alágídí ni. Lẹ́yìn náà ó di mẹ́wàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan lé mi ní itan. Àwọn ọmọ funfun, kékeré bí eruku, ni wọ́n ń rìn nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwọn agbálẹ̀ yín ti ń gbálẹ̀ níbi tí ẹ ò rán wọn. Wọ́n sì ti ń bímọ níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ohun tó ń mí bí ẹja kì í bímọ sí ibi gbígbẹ. Níbo ni wọ́n ti ń rí omi?

Mo wá ń dọdẹ wọn. Mo gé kárọ́ọ̀tì, mo fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan ní pálọ̀. Kò sí nǹkan kan ní ilé ìdáná, níbi tí omi wà. Ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́sẹ̀ ògiri àárín tó gbé dẹ́kìn tó jẹ́ ilẹ̀ òkè ró, mi ò rí kárọ́ọ̀tì mọ́. Wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n ṣì ń tò jáde lábẹ́ ọ̀dà bí ọmọ ilé-ìwé. Mo mú ìṣó kan. Mi ò mú òòlù. Àtàǹpàkò ni mo fi tì í, ó sì wọlé tán pátá bí ẹni ki ìṣó bọ ọṣẹ. Nígbà tí mo fà á yọ, orí rẹ̀ tutù, òórùn abẹ́ igi jíjẹrà ló gbé jáde.

Onítéèpù, ìwọ náà rántí. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lé ìpìlẹ̀, o wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ìṣe rẹ, o wá béèrè pé, "Àpáta, ọ̀rá dúdú dà? Omi ilẹ̀ á gun ògiri yìí o." Ọ̀rá náà wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fi í bo sìmẹ́ǹtì nítorí òjò, ó sì ya. O ní ká dúró de òmíràn. Mo ti lérí fún àwọn àna mi pé kí ọdún tó parí n ó ti wọlé. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo nilé ni àbí èmi? Máa wọn tìẹ lọ!" Mo to búlọ́ọ̀kù láìsí ọ̀rá. O ká téèpù rẹ, o ò bá mi jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, a ò sọ ọ́ rí.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mo ń kun ògiri yẹn. Ará àdúgbò á ní kò sí ilé tó mọ́ bí ti Àpáta. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àbàwọ́n kan wà níbẹ̀ tó máa ń padà wá bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Tèmi lanu, mo fi ọ̀dà dí i lẹ́nu. Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá.

Ilẹ̀kùn yàrá yẹn kì í pa dé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fá a lóṣù yìí. Ògiri ti là lókè rẹ̀. Mo fi sìmẹ́ǹtì dí i, ó tún là lójú kan náà, èékánná ti ń wọ ibẹ̀. Àkọ́bí mi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ló ń gbé lókè. Àbíkẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fò sókè. Bí ó bá ti balẹ̀ gbì, eruku á dà sórí ìdérí àwọn ike mi, gbogbo agbálẹ̀ á sì ká lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìjẹta, ìyàwó ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó la àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹran ọ̀sìn yín rèé, ó gòkè wá kí wa. Abẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ ni mo ti bá a." Pupa ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi, agbálẹ̀ kì í gun àtẹ̀gùn gbígbẹ. Inú ògiri ló gbà gòkè, ibi tó bá sì gbà, omi ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, wọ́n ń gbé tánkì omi ńlá tí àkọ́bí mi rà wá. Orí yàrá yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé e lé. Ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ọjọ́ Ajé ni yóò dé.

Mo ti ní kí ìyàwó mi wá máa sùn ní pálọ̀. Mo ní ike ló fẹ́ pọ̀ sí i. Mo fi ọ̀pá irin méjì ti dẹ́kìn. Mo ní pákó tí n ó máa to ike lé ni mo fẹ́ kàn mọ́ ọn. Ẹlẹ́ja wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé erin lẹ fẹ́ máa sìn ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ìyàwó ọmọ mi kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀, ó ní wọ́n ń ṣe ìdánwò, ó wá bi mí pé, ṣé kò sí o. Òótọ́ dé ètè mi. Mo gbé e mì. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn bá balẹ̀ lókè ni mo máa ń dìde dúró.

Bá mi kí ìyàwó wa àti gbogbo ọmọ. Awakọ̀ tó gbé ìwé yìí wá ń padà lọ́la. Má wulẹ̀ fèsì, gbé téèpù rẹ kí o bá a wá. Mi ò bẹ̀ ọ́ rí. Mo bẹ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, kí ọmọ mi tó bọ́ bàtà, èmi yóò mú un wọ yàrá ẹ̀yìn lójú ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Èmi kì yóò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi yóò fi ìṣó kan lé e lọ́wọ́, láìsí òòlù, èmi yóò sì ní kó fi àtàǹpàkò tì í.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o ti ń bá wọn ilẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́,

Àpáta.