Bíréèkì Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Bàbá Ẹ̀rí

Ọjọ́bọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà 2019

A ò dé ọsibítù. Ìbínú ni mo fi ń kọ èyí.

Orí ìdàgẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ìlaròó ni wọ́n gbé igi dínà sí, àwọn aṣọ́bodè wa tí mo sọ ní Sọ̀kalẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu wọn nìyẹn látìgbà tí ìjọba ti ti bodè. Bàbá Ẹ̀rí, ọkọ mi, wà lẹ́yìn ọkọ̀ lórí mátíréèsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán nà gbọọrọ, irin tí dókítà fi tò ó lára rẹ̀. Òun kò lè sọ̀kalẹ̀. Èmi náà kò lè sọ̀kalẹ̀. Àgbàlagbà — píkọ́ọ̀pù Píjò wa, tó dàgbà jù mí lọ — kò ní bíréèkì ọwọ́. Jíà kì í dá a dúró lórí ìdàgẹ̀rẹ́. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó di inú kòtò.

Mo ṣàlàyé títí. Mo bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kó jọ̀ọ́, kó bá mi fi òkúta dí táyà. Ó ní ṣé òun ni ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni. Ó na ìbọn sí mi. Wọ́n rò pé mo fẹ́ sá. Èmi, pẹ̀lú aláìsàn lẹ́yìn ọkọ̀, kí n sá lọ síbo? Bàbá Ẹ̀rí ń pariwo látẹ̀yìn pé tí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn, òun ni kí wọ́n yìnbọn fún. Ìgbà tí ọ̀gá wọn dé ló ní kí n máa fẹ̀yìn rìn padà, pé ọkọ̀ tí kò lè dá dúró kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ òun mọ́.

Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti kìlọ̀ pé tó bá lè kẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn lè lọ.

Ẹtì, 8 Nòfẹ́ńbà

Takisí kò sí. Wọ́n ti fòfin de gbígbé epo wá sítòsí bodè, ilé epo gbẹ. Ọ̀kadà kò lè gbé ẹsẹ̀ tí kì í ká. Kẹ́ẹ̀gì epo kan ló kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Àfi Àgbàlagbà náà.

Mákindé mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀. Wáyà bíréèkì ọwọ́ méjèèjì ti já, ti táyà ẹ̀yìn ọ̀tún àti ti òsì. Ó ní Pọbẹ̀ ni irú rẹ̀ wà, lódìkejì bodè. Kó kúkú ní ọ̀run ni.

Àìkú, 10 Nòfẹ́ńbà

Egbò ti ń rùn. Bàbá Ẹ̀rí ní eku ló kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, eku ni.

Ìṣẹ́gun, 12 Nòfẹ́ńbà

Edith dé. Ọlọ́run ṣeun. Pọbẹ̀ ló ti ń ta ògbólógbòó irin ọkọ̀, ọwọ́ mi ló sì ti ń ra gàrí kí wọ́n tó ti bodè. Mo kàn pè é lórí fóònù, mi ò rò pé yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba inú igbó wá. Ẹ̀gún ya á lẹ́sẹ̀ yánnayànna. Ó wọ yàrá, ó tú ìró — wáyà méjèèjì ló so mọ́dìí bí ìlẹ̀kẹ̀! Ó ní àwọn dúwáànì, aṣọ́bodè wọn, tú àpò òun wò délẹ̀, ta ni yóò tú ìdí ìyàwó oníyàwó wò. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Bàbá Ẹ̀rí náà rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ ti kéré. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́rú, 13 Nòfẹ́ńbà

Mákindé so wáyà. A gbé ọkọ̀ lọ sórí ìdàgẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa bíréèkì ọwọ́ — ó ń yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Mákindé ní òun máa tú dúrọ́ọ̀mù táyà ẹ̀yìn, kí òun kọ́kọ́ sún láínì inú rẹ̀ síta kó lè di táyà mú, ó di ọ̀la ìrọ̀lẹ́. Ọ̀la ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ọ̀la mà ni Ọjọ́bọ̀! Mo ní kó fún nọ́ọ̀tì wáyà le, kó yé dààmú mi. Ó ń kùn bí oyin. Mo gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún nọ́ọ̀tì náà le fúnra mi. Ọkọ̀ dúró gbọin. Mo jó níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Nòfẹ́ńbà

Mo gbé o!

A ò tíì dé ọ̀dọ̀ Sọ̀kalẹ̀ rárá tí èéfín fi ń jáde nídìí táyà ẹ̀yìn. Mo fún wáyà jù. Bíréèkì kò tú sílẹ̀ látilé, ó ń di táyà mú bí mo ṣe ń lọ. Láínì jóná ráúráú. Katakata ló fà wá padà sílé. Bàbá Ẹ̀rí kò bá mi wí. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ẹtì, 15 Nòfẹ́ńbà

Ibà. Ó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè mí. Nọ́ọ̀sì ìlú wa gún un lábẹ́rẹ́, ó ní irin ẹsẹ̀ yìí ju agbára òun lọ.

Ajé, 18 Nòfẹ́ńbà

Mákindé rí láínì àlòkù ní Ayétòrò. Ibà rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá Ẹ̀rí ní kí a gbé òun sábẹ́ igi máńgòrò, orí ẹní ló ti ń pàṣẹ fún wa. Láínì lákọ̀ọ́kọ́: ká sún un kó kan dúrọ́ọ̀mù, ká wá dá a padà díẹ̀. Wáyà ló kẹ́yìn, kó má dẹ̀, kó má le. Mo fọwọ́ yí táyà, ó yí. Mo fa bíréèkì ọwọ́, Mákindé yí i, yí i, kò yí.

Ọkùnrin yìí! Nígbà tí ara rẹ̀ dá, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sitiárìn. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni mo ti jí ọkọ̀ wíwà kọ́.

Ìṣẹ́gun, 19 Nòfẹ́ńbà

Mi ò dúró de Ọjọ́bọ̀.

Wọ́n ní "Sọ̀kalẹ̀." Mo fa bíréèkì ọwọ́. Mo gbẹ́sẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ sórí ọ̀dà. Àgbàlagbà kò mira. Ọ̀gá wọn fọwọ́ tì í, ó tún tì í. Ó ní kí wọ́n gbé igi. Mo sunkún ayọ̀ dé Ìlaròó.

Dókítà tú egbò. Ó ní ká ní a dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, òun ì bá gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ náà là. Ní báyìí, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n máa gé, lónìí, kó tó ràn dókè.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo wó lulẹ̀ síbẹ̀. Mo ń yí gbirigbiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń sọ fún un pé èmi ni, èmi ni mo gba sípánà lọ́wọ́ Mákindé, èmi ni mo gé e lẹ́sẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé mi jáde. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ó ní, "Dìde, Kòfó. Tó o bá ń yí nílẹ̀, ta ni yóò wakọ̀ gbé mi délé?"

Wọ́n tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo dìde.