Bí Màmá Ṣe Ń Rìn

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìrójú. Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi yín sílẹ̀? Èmi ò ṣàìsàn, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ má bínú pé ìwé yìí fẹ́lẹ́; èyí tó nípọn ń fi kún owó sítáǹbù.

Ọ̀rọ̀ màmá wa ni. Ó tún ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Dókítà eegun ní kí ó rìn kí òun wò ó, màmá yín nà ṣánṣán bí ọmọge, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Dókítà ò rí nǹkan kan. Nígbà tó gbọ́ pé ayàwòrán ni mí, ó ní kí n ya fọ́tò màmá níbi tó ti ń gun àtẹ̀gùn nílé, nítorí bí a kò bá tètè mọ ìdí rẹ̀, ó lè ṣubú kó má dìde mọ́.

Ẹ rántí ìtàn tí bàbá máa ń sọ fún wa nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò: pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá mira níwájú kámẹ́rà, bí èéfín ló máa rí nínú fọ́tò. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó to kámẹ́rà púpọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, tó na okùn tín-ín-rín síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹṣin sì ń fi eré já wọn, tí kámẹ́rà ń yà á lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹsẹ̀ ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi á máa ṣírò iye owó kámẹ́rà, bàbá á ní orí mi ò pé.

Àṣé ẹṣin rọrùn ju màmá lọ! Bí kámẹ́rà bá ti dún pá, á dúró gbagidi, á gbé àgbọ̀n sókè, á sé èémí. Ogójì ọdún nílé ayàwòrán kì í ṣe eré.

Mo ní, "Màmá, ẹ máa rìn."

"Kí n rìn kí n ba fíìmù jẹ́? Ìwọ ahun yìí ló máa ra òmíràn?"

Mo ní kò sí fíìmù nínú kámẹ́rà ìgbàlódé mọ́. Ó ní, "Kí lo wá ń yà?"

Nígbà tó sú mi, mo purọ́ pé mo ti jáwọ́. Mo pa ohùn kámẹ́rà, mo gbé e pamọ́ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo jẹ́ kó máa dá yà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú àwọn fọ́tò náà, ẹsẹ̀ màmá ti gbéra kó tó kan àtẹ̀gùn, ó ń wá ilẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń táràrà lára ògiri. Dókítà wò wọ́n, ó ní kì í ṣe ẹsẹ̀, ojú ni.

Mo kó wọn fún màmá. Ó gbé wọn súnmọ́ imú. "Ta ni ìyá arúgbó yìí?" Nígbà tó yá, ó ní ó ti pẹ́ tí ojú ọ̀tún òun ti ń ṣú, ẹ̀rù ló ń ba òun pé a ó lé òun kúrò nínú yàrá bàbá wa lókè. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìrọ̀rí, tó dé orí àtẹ̀gùn, tó na ọwọ́ sí mi pé kí n mú òun sọ̀kalẹ̀.

Orí àga gbọọrọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò nísàlẹ̀ ló ń sùn báyìí. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lókè. Agbára mi ò ká a láti dá gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín,
Oníṣirò