Òjò Inú Awò

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí yín. Orúnkún Màmá ti ń san, wọ́n ti ń dá rìn dé ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ ni ti Mo-ti-mọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣọ́ ojú òkun fún àwọn apẹja. O kìlọ̀ fún un pé awò ńlá olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí o fi ránṣẹ́, tí omi kì í wọ̀, kí ó máa fi omi ẹ̀rọ ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára ẹ̀, kí ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, kí ó sì gbẹ dáadáa kó tó wọ àpótí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní, "Nígbà tí omi ò wọnú ẹ̀ rí, ta ló ti ń bá wọn fọ inú ẹ̀?" Ló bá tú u palẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó sì dé e mọ́nú àpótí ní tútù. Ọgbọ́n àgbọ́njù!

Lánàá ó gbé e sójú, ìkuukùu ló rí. Ó sáré lu agogo pé òjò àti ìjì ń bọ̀. Gbogbo ọkọ̀ yí padà wálé láìpa ẹja kan, oòrùn sì ń jó wọn lórí.

Ọlọ́run ò ní fi ọ̀mọ̀tán ṣe olùṣọ́ yín. Jọ̀wọ́, má ra awò mìíràn. Agboòrùn ni kí o fi ránṣẹ́ sí i, torí ó ṣì dúró létí òkun, ó ní òjò náà ò ní pẹ́ dé.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.