Ta Ló Ni Ọpọlọ Inú Tẹlifíṣọ̀n Wa?

Mubarakah ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń kírun lásìkò? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn tó máa lé wa jáde láìwé gèlè. Ara wa le ní Ẹdẹ, àfi tẹlifíṣọ̀n tí o fi ránṣẹ́ tó fẹ́ẹ̀ tú ilé ká.

Ìwọ náà lo fà á. O sọ fún bàbá yín lórí fóònù pé ọpọlọ tó ń darí rẹ̀, tí ẹ̀ ń pè ní Línọ́ọ̀sì, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹnì kan tó dá a ni. Bàbá yín ní há à, ohun tí kò ní oníǹkan, ó sọnù ni. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, bí wọ́n bá he bàtà ẹsẹ̀ kan lójú ọ̀nà Awo, wọ́n á kéde ẹ̀. Ni wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ní kí oníǹkan wá gba ọpọlọ rẹ̀. Zakariyah oníkẹ̀kẹ́ ní òun lòun ni ín. Wọ́n ní kó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ó ní bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀rín pa gbogbo mọ́sálásí.

Bàbá yín gbé e padà wálé, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n ní ẹ̀sìn ní ọdún kan la máa fi dúró de oníǹkan. Ọdún kan! Tí ìyàwó inú eré mi ò sì tíì mọ̀ pé ọkọ òun ti fẹ́ ẹlòmíì! Inú bí mi débi pé mo kàn ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni, mo ń bá tèmi lọ. Kí n má purọ́ fún ọ, tí wọ́n bá ti lọ sóko ní ìlú Ara, mò ń tan án. Ṣùgbọ́n mi ò ṣí aṣọ o, etí nìkan ni mo fi ń wò ó.

Ibtisam ló yọ wá, ọmọ Pólì tó háyà yàrá ẹ̀yìn. Ó bá bàbá yín lọ bá Àáfà mọ́sálásí wa, ó ní irú ọpọlọ yẹn wà nínú fóònù wọn, ó sì jọ pé ó wà nínú aago tó ń sọ àsìkò ìrun fún wọn. Àáfà gbójú sókè wo aago. Wọ́n ní ṣé tinútinú làwọn tó ṣe é fi yọ̀ǹda ẹ̀? Ibtisam ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní kí gbogbo ayé máa lò ó. Àáfà ní kò sọnù nìyẹn, sàdákà ni, bí ẹni gbẹ́ kànga fún àdúgbò.

Aṣọ ti kúrò! Àmọ́ bàbá yín ní sàdákà ò ṣeé tilẹ̀kùn mọ́, gbogbo agboolé ló wà ní pálọ̀ mi báyìí, Zakariyah ló jókòó síwájú pátá.

Jọ̀ọ́, fi owó ẹní ránṣẹ́, àti ti epo jẹnẹrétọ̀, torí ẹni tó ń ta ìyẹn ò ṣe sàdákà. Kí o sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe Línọ́ọ̀sì wá, tòun ti orúkọ ìyá wọn, Àáfà fẹ́ ṣàdúà fún wọn ní Jímọ̀. Ibtisam ní wọ́n pọ̀ ju èrò Ẹdẹ lọ. Kò burú, máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń ṣe àmín sílẹ̀ dè wọ́n.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ tìẹ náà wúlò fún ẹni tí o ò ní mọ̀ láéláé.

Èmi ìyá rẹ,
Àwáwù